Èwo Nínú Àwọn Méjèèjì Ló Ń Ṣiṣẹ́?

Odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń fẹ̀sùn kan káàdì gíráfíìkì kan, ìyẹn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán sójú rẹ̀, tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí mo bá ń to fídíò pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, ojú kọ̀ǹpútà náà á ṣàdédé dúdú, á wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á sì tún tàn padà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn kì í tàn padà mọ́, àfi kí n tẹ bọ́tìnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí tí ẹ̀rọ náà yóò fi kú, kí n sì tún un tàn. Iṣẹ́ tí n kò bá tíì tọ́jú pamọ́ á bá a lọ. Yàtọ̀ sí èyí, fídíò tí kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti parí máa ń gbà tó wákàtí kan.

Nígbà tí mo ra kọ̀ǹpútà yìí, ohun tí wọ́n fi yìn ín fún mi jù lọ ni pé ó ní káàdì gíráfíìkì méjì. Mo gbà pé méjì sàn ju ọ̀kan lọ, n kò sì béèrè bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Nígbà tí ìṣòro wá dé, mo kàn gbà pé èyí tó lágbára jù, tó ń gbóná jù, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lára sítíkà tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì, òun ló ní láti jẹ̀bi. Ẹni tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ìdí kọ̀ǹpútà náà, ó ní ó ti gbóná jù, ó ní ṣíìpù káàdì náà ti ń tú kúrò lára motherboard, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, àti pé àfi kí a pààrọ̀ motherboard náà lódindi. Mo ti ń wá owó rẹ̀ kiri kí n tó bi ara mi ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi ara mi láti ọjọ́ kìn-ín-ní: èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ ní àkókò tí ojú kọ̀ǹpútà ń dúdú?

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n fún àwọn méjèèjì ní orúkọ tí n óò máa lò. Èyí tó wà nínú ṣíìpù kan náà pẹ̀lú CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni n óò máa pè ní káàdì àbínibí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè yọ ọ́. Kò ní ìrántí tirẹ̀. Inú RAM tí gbogbo kọ̀ǹpútà jọ ń lò ló ti ń bù lò. Èyí tó dá dúró, tó ní ìrántí tirẹ̀ tí a mọ̀ sí VRAM, ni n óò máa pè ní káàdì ọ̀tọ̀. Iná tí àbínibí ń jẹ kò tó nǹkan, ìwọ̀nba wáàtì péréte ni; káàdì ọ̀tọ̀ lè jẹ wáàtì 30, ó sì lè kọjá 100 lórí àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún géèmù. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà alágbèéká fi kó méjèèjì sínú ẹ̀rọ kan: kí àbínibí máa ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́ bíi kíka lẹ́tà àti lílọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí bátìrì lè pẹ́, kí káàdì ọ̀tọ̀ sì máa sùn títí iṣẹ́ tó wúwo yóò fi dé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Lórí MacBook Pro tó jáde ní apá ìparí ọdún 2008, káàdì NVIDIA méjì ló wà nínú rẹ̀, 9400M àti 9600M GT, ẹni tó bá sì fẹ́ kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀ kó sì tún wọlé. Ohun tó ń ṣe ìyípadà náà nínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni ìkóríta kékeré kan tí wọ́n ń pè ní MUX, tó ń so ojú kọ̀ǹpútà mọ́ káàdì kan, tó sì ń já a kúrò lára èkejì. Ọba kì í pé méjì láàfin. Káàdì kan ṣoṣo ló lè di ojú kọ̀ǹpútà mú lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù kejì ọdún 2010 ni NVIDIA gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní Optimus, ètò yìí sì yọ ìkóríta náà kúrò pátápátá. Nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà di ti àbínibí títí láé. Bí káàdì ọ̀tọ̀ bá ti ya àwòrán kan tán, kò ní ọ̀nà tí yóò fi gbé e jáde fúnra rẹ̀. Ńṣe ni yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tí yóò gbé e gba orí PCIe, ìyẹn ọ̀nà tí káàdì náà fi so mọ́ ìyókù kọ̀ǹpútà, lọ sínú RAM, tí àbínibí yóò sì wá gbé e síwájú wa.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa èyí, mo rò pé àṣìṣe ni ẹni tó kọ ọ́ ṣe, nítorí ó dà bí ìlànà tó ń fi iṣẹ́ ṣòfò. Mo wá ṣírò rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tó ní píksẹ́lì 1920 lọ́nà 1080 ní píksẹ́lì 2,073,600. Bí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 4, àwòrán kan ṣoṣo jẹ́ báìtì tó lé ní mílíọ̀nù 8. Bí àwòrán 60 bá sì ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tí wọ́n ń gbé kọjá láàárín káàdì méjèèjì súnmọ́ mẹ́gábáìtì 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. PCIe lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí náà ètò náà ń ṣiṣẹ́, àdánù díẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìṣirò náà là mí lójú sí ni pé nínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, kò sí ohun kan tó ń dé ojú ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ tí kò gba ọwọ́ àbínibí kọjá. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá dúdú, àbínibí wà lára àwọn tó yẹ ká pè wá jẹ́rìí, ì báà jẹ́ pé káàdì ọ̀tọ̀ ló ń ṣe gbogbo wàhálà. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkankan kí n tó dá a.

Láti ìparí ọdún 2017 ni Task Manager inú Windows 10 ti ń fi iṣẹ́ káàdì kọ̀ọ̀kan hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan yóò máa jẹ́ GPU 0, èkejì GPU 1 (GPU ni orúkọ gígékúrú tí wọ́n ń pe káàdì gíráfíìkì). Mo ti ń rí i láti ìgbà yẹn, n kò kàn tẹjú mọ́ ọn ni. Lọ́jọ́ tí mo wá tẹjú mọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í parí fídíò kan, mo sì ń wò ó. GPU 0, ìyẹn àbínibí, gòkè lọ sí 97 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sọ̀ kalẹ̀. GPU 1 wà ní òdo. Káàdì tí mo ti ń ṣépè fún láti oṣù mẹ́ta sùn fọnfọn, kò gbọ́, kò mọ̀. Ooru tí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fọwọ́ kàn, ooru CPU àti àbínibí tó wà nínú rẹ̀ ni, nítorí ọ̀pá tó ń gbé ooru lọ sọ́dọ̀ fáànù nínú kọ̀ǹpútà náà, àpapọ̀ ni fún ṣíìpù méjèèjì.

Kí ló dé tí káàdì ọ̀tọ̀ kò fi jí? Mo ti yan án tipẹ́. Láti ọdún 2018, nínú ẹ̀dà Windows 10 tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1803, a lè lọ sí Settings, kí a wọ System, kí a wọ Display, kí a sì wọ Graphics, kí a wá sọ fún Windows káàdì tí áàpù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lò: Power saving fún àbínibí, High performance fún káàdì ọ̀tọ̀. Mo ti fi áàpù fídíò mi síbẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé fáìlì tí mo fi síbẹ̀ kì í ṣe òun gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹnu ọ̀nà lásán ni. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, yóò jí fáìlì .exe mìíràn tó wà nínú fódà mìíràn, òun yóò sì kúrò ńlẹ̀. Àṣẹ tí mo pa fún aṣọ́nà kò dé etí onílé. Irú èyí wọ́pọ̀ gan-an pẹ̀lú àwọn géèmù tó ní launcher, ìyẹn ètò kékeré tó ń jí géèmù náà, ó sì tún wọ́pọ̀ pẹ̀lú àwọn ètò tí a fi Java kọ, níbi tó ti jẹ́ pé javaw.exe ló yẹ kí a tọ́ka sí, kì í ṣe orúkọ tí a rí lórí àwòrán áàpù náà. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ fáìlì tó tọ́ ni kí a jẹ́ kí áàpù náà wà ní ṣíṣí, kí a wá a rí nínú Task Manager, kí a tẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún, kí a sì yan Open file location. Ẹni tó bá ti yan káàdì nínú NVIDIA Control Panel tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí ohun tó yàn níbẹ̀ bá tako ti Windows, ti Windows ló máa ń lékè.

Mo tún un yàn. GPU 1 jí, fídíò tó ń gba wákàtí kan gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Inú mi dùn, mo pariwo, mo sì lọ sùn. Ní ọjọ́ kejì, ojú kọ̀ǹpútà tún dúdú.

Ibi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù nìyẹn, nítorí ìṣòro méjì ni mo ti ń pè ní ọ̀kan. Ìlọ́ra jẹ́ ọ̀ràn kan, ó sì ti parí. Dídúdú jẹ́ ọ̀ràn mìíràn, kò sì bá ti àkọ́kọ́ tan rárá. Ìgbà tí ohun méjì bá ń ṣe ẹ̀rọ kan ní àsìkò kan náà, ó máa ń ṣòro fún wa láti gbà pé kì í ṣe ọwọ́ kan náà ló wà nídìí méjèèjì.

Windows ní òfin kan tó ń darí irú dídúdú bẹ́ẹ̀. Bí káàdì kan bá gba iṣẹ́, tí kò sì dáhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, Windows yóò gbà pé ó ti dákú, yóò pa driver rẹ̀, ìyẹn ètò tí Windows fi ń bá káàdì náà sọ̀rọ̀, yóò sì tún un jí. Nígbà tí wọ́n bá ń jí i ni ojú kọ̀ǹpútà máa ń dúdú. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìlànà náà ni TDR, ó sì máa ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ nínú Event Viewer, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ Windows, lábẹ́ nọ́ńbà 4101. Ohun tó ṣe pàtàkì nínú àkọsílẹ̀ náà ni orúkọ driver tó dákú, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà nítorí pé ó dà bí lẹ́tà tí ọmọdé kàn ń tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù. Bí a bá rí nvlddmkm níbẹ̀, ti NVIDIA ni; bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igfx tàbí igdkmd, ti Intel ni; bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú amdkmd, ti AMD ni. Mo ṣí ti èmi. Ìgbà mẹ́rìnlélógún ni wọ́n kọ 4101 sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta náà, gbogbo wọn pátá ló sì jẹ́ orúkọ driver káàdì àbínibí. Káàdì ọ̀tọ̀ kò dákú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo sì wá ṣe ohun tí kò bọ́gbọ́n mu. Mo ní ìgbà tó jẹ́ pé àbínibí ló ń dákú, ẹ jẹ́ ká pa á tì, kí káàdì ọ̀tọ̀ máa dá ṣe gbogbo iṣẹ́. Mo lọ sínú Device Manager, mo tẹ Disable device lé e lórí. Ojú kọ̀ǹpútà ṣẹ́jú, àwọn lẹ́tà di ràgàjì, iná ojú rẹ̀ kò ṣeé dín kù mọ́, orúkọ tó sì hàn lábẹ́ Display ni Microsoft Basic Display Adapter. Mo ti gbàgbé ìṣirò tí mo fọwọ́ ara mi ṣe: nínú kọ̀ǹpútà tí kò ní MUX, àbínibí nìkan ló ní ọ̀nà tó lọ sójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá pa á ti gbé odi dí ọ̀nà tí káàdì ọ̀tọ̀ ń gbà jáde. Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn ń gba ara wọn nímọ̀ràn láti ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí pé kó má ṣe é, àyàfi bí ó bá dá a lójú pé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní MUX, tó sì rí ibi tí a ti ń yí i nínú BIOS, ìyẹn ètò tó máa ń jí kí Windows tó jí.

Lẹ́yìn tí mo ti dá a padà ni mo wá wo ọjọ́ tó wà lára driver àbínibí náà. Ọjọ́ náà bá ọ̀sẹ̀ tí ìṣòro bẹ̀rẹ̀ mu rẹ́gí. Ìmúdójúìwọ̀n kan ti wọlé fúnra rẹ̀, ó ti yọ driver tó bá kọ̀ǹpútà náà wá, ó sì ti fi èyí tí wọ́n ṣe fún gbogbogbòò rọ́pò rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní káàdì kan ṣoṣo, irú ìrọ́pò bẹ́ẹ̀ kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Lórí olókàádì méjì, driver méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ ọwọ́ ara wọn, nítorí ọ̀kan ló ń gbé ẹrù, tí èkejì ń gbà á. Bí ẹni tó ń gbà á bá ti yí ọ̀nà tó ń gbà á padà, ẹrù lè já bọ́ láàárín wọn.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú Roll Back Driver, ṣùgbọ́n bọ́tìnì rẹ̀ ti kú, nítorí ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ kò sí nílẹ̀ mọ́. Mo gba driver méjèèjì láti ojú ìwé ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà náà gan-an, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ṣíìpù. Mo yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, mo pa Wi-Fi, kí ìmúdójúìwọ̀n kankan má bàa gba ẹ̀yìn wọlé. Mo tan kọ̀ǹpútà nínú Safe Mode, níbi tí Windows ti ń tàn pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tó nílò, mo sì lo Display Driver Uninstaller láti gbá méjèèjì jáde dé ìdí. Lẹ́yìn náà, mo fi ti àbínibí wọlé ṣáájú, mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn, mo wá fi ti káàdì ọ̀tọ̀ wọlé. Lójú tèmi, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra yẹn ṣe kókó, nítorí ẹni tó ni ojú kọ̀ǹpútà ló yẹ kó kọ́kọ́ jókòó. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì rí 4101 kan ṣoṣo nínú Event Viewer mi.

Orí Linux, tí àwọn kan ń lò dípò Windows, ni mo ti tún bá ọ̀ràn yìí pàdé, lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, níbẹ̀ ni mo sì ti rí i pé olókàádì méjì ti fa orí fífọ́ fún àwọn tó jù mí lọ. Optimus kò bá Linux wá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2010 náà ni ohun kan tó ń jẹ́ vga_switcheroo wọ inú kernel 2.6.34 (kernel ni ọkàn Linux), ní 2011 sì ni àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni bẹ̀rẹ̀ Bumblebee, tí a fi ń tẹ optirun ṣáájú orúkọ áàpù kí káàdì ọ̀tọ̀ tó lè jí fún un. Nígbà tí Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, sọ̀rọ̀ ní yunifásítì Aalto ní Finland ní 2012, tó sì na ìka àárín sí NVIDIA níwájú kámẹ́rà, ìbéèrè ẹnìkan tí Optimus ń yọ lẹ́nu lórí Linux ló mú un sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ ìka náà, díẹ̀ ló mọ̀ pé káàdì méjì inú kọ̀ǹpútà alágbèéká ló bí i. Ọdún 2019 ni NVIDIA fi ọ̀nà tirẹ̀ sínú driver 435, tó fi di pé a lè sọ fún áàpù kan ṣoṣo kó lo káàdì ọ̀tọ̀ láìjẹ́ pé a jáde kúrò nínú àkáǹtì. Òun ni prime-run tó wà lórí ọ̀pọ̀ Linux ń lò lónìí. Àwọn tó ń lo driver ọ̀fẹ́ ń tẹ DRI_PRIME=1 ní tiwọn.

Ní tèmi, mo fi Linux sínú kọ̀ǹpútà náà tán, mo tún un tàn, ojú rẹ̀ sì dúdú kanlẹ̀. Mo fi nomodeset kún ìlà tí a fi ń tan kernel, àwòrán jáde. Mo fi driver NVIDIA wọlé, gbogbo rẹ̀ lọ geere, kò sí àṣìṣe kan tó hàn, ṣùgbọ́n glxinfo, àṣẹ tó ń sọ káàdì tó ń ya àwòrán, ṣì ń sọ fún mi pé àbínibí ni. Mo tẹ lspci -k, àṣẹ tó ń to àwọn káàdì inú kọ̀ǹpútà àti driver wọn. Káàdì ọ̀tọ̀ hàn níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ 3D controller, ìyẹn sì kọ́kọ́ já mi láyà, nítorí àbínibí ń jẹ́ VGA compatible controller ní tirẹ̀. Mo wá mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń pe káàdì tí kò ní ihò tó lọ sójú kọ̀ǹpútà kankan nìyẹn, kì í ṣe àrùn. Àrùn gan-an wà nísàlẹ̀ rẹ̀: ìlà tó yẹ kó sọ driver tó ń lò kò sí níbẹ̀. Secure Boot, ètò ààbò tó ń yẹ ohun tó ń wọlé wò nígbà tí kọ̀ǹpútà ń tàn, ló kọ̀ fún driver náà láti wọlé nítorí pé kò ní ìbuwọ́lù tí ó mọ̀. Nígbà tí mo ń fi driver náà wọlé, ó ti bi mí ní ọ̀rọ̀ ìwọlé, ó sì ti sọ fún mi pé n óò tún tẹ̀ ẹ́ bí mo bá tan kọ̀ǹpútà padà. Mo tan án, ojú ewé aláwọ̀ búlúù kan hàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, n kò fiyè sí i, ó sì lọ. Ojú ewé yẹn ni MOK, ibẹ̀ ni mo ti yẹ kí n fọwọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo tó ṣe é bó ṣe yẹ.

Bí ẹ bá rí i pé n kò tíì sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ìdí ni pé ọ̀ràn tiwọn kì í gùn. Àbúrò mi pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, káàdì tuntun tí mo rà yìí kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí." Mo ní kó wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lára ihò tó wà lórí motherboard ló so wáyà mọ́nítọ̀ rẹ̀ mọ́, kì í ṣe lára ti káàdì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun á pè mí padà.

Mi ò sọ pé káàdì ọ̀tọ̀ kì í bàjẹ́ o. Ó ń bàjẹ́. Ní oṣù keje ọdún 2008, NVIDIA fúnra rẹ̀ kéde pé òun yóò ya owó tó wà láàárín 150 àti 200 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ nítorí àwọn ṣíìpù alágbèéká kan tí ohun èlò tí wọ́n fi kó wọn jọ kò lágbára tó. Ní oṣù kejì ọdún 2015, Apple bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn MacBook Pro kan tí wọ́n tà láàárín 2011 àti 2013 ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí àwòrán tó ń dàrú àti ojú tó ń dúdú. Bí ooru bá ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, ìsopọ̀ kéékèèké tó wà lábẹ́ ṣíìpù lè sán. Àwọn kan máa ń fi ooru gbígbóná yan irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀, yóò sì tún ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Èmi kì í ka ìyẹn sí àtúnṣe.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀rí tí a ó fi dá ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn. Bí ìlà-ìlà aláwọ̀ bá bo ojú kọ̀ǹpútà, mo máa ń kọ́kọ́ ya ohun tó wà lójú rẹ̀ sílẹ̀ bí àwòrán, kí n sì wo àwòrán náà lórí fóònù. Bí ìlà náà bá wà nínú àwòrán, káàdì tàbí driver rẹ̀ ló ń yà á bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ tàbí wáyà tó so ó pọ̀ ni kí a wò. Mo tún máa ń wọ inú BIOS. Lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní MUX, àbínibí ló ń ya ojú ewé BIOS, nítorí náà bí ìlà-ìlà bá wà níbẹ̀ náà, ọwọ́ káàdì ọ̀tọ̀ mọ́. Code 43 nínú Device Manager, tó ń sọ pé Windows ti dá ẹ̀rọ náà dúró nítorí pé ó jábọ̀ ìṣòro, máa ń mú kí àwọn ènìyàn ka káàdì sí òkú, bẹ́ẹ̀ driver tó bàjẹ́ náà lè fà á. Àfi bí Windows àti Linux bá jọ kọ̀ ọ́, pẹ̀lú driver tó mọ́, lẹ́yìn tí a ti gbọn eruku inú fáànù dànù, ni mo tó lè gbà pé ó ti kú. Bí kò bá tilẹ̀ hàn níbì kankan mọ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ètò ìtọ́jú bátìrì tó bá kọ̀ǹpútà náà wá, nítorí àwọn kan nínú wọn ní ibi tí a ti ń pa káàdì ọ̀tọ̀ tí kò fi ní hàn rárá, ẹni tó pa á sì lè ti gbàgbé.

Ohun kan ṣoṣo ló kù lórí kọ̀ǹpútà mi tí n kò tíì rí yanjú, kò sì ní yanjú, nítorí kì í ṣe àìsàn. Bí mo bá so mọ́nítọ̀ ńlá mọ́ ihò HDMI rẹ̀, káàdì ọ̀tọ̀ kì í sùn mọ́, bátìrì á sì máa sọ̀ kalẹ̀ bí omi inú agbọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà lásán ni mo ń kà. Ara káàdì ọ̀tọ̀ ni wọ́n so ihò HDMI náà mọ́ láti ilé iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ihò USB-C ní tirẹ̀ gba ọ̀dọ̀ àbínibí. Mo wá wáyà tó lè ti ibẹ̀ lọ sára mọ́nítọ̀, mo so ó, mo sì ṣí Task Manager. GPU 1 wà ní òdo.